Oríkì Lẹ́nu Ọ̀nà Kíláàsì

Ọmọ 54 ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ ní Praimárì Kẹta, nílé ìwé ìjọba kan lápá Òkèlele níbí ní Ìlọrin. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọmọ 35 ló yẹ olùkọ́ kan, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti dé, ta ni yóò lé e padà sílé? Bẹ́ǹṣì ọlọ́mọ mẹ́ta, ọmọ márùn-ún ló ń fún ara wọn mọ́ra lórí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ariwo ni mo fi ń lé ariwo. Mo lu tábìlì, mo pariwo "Ẹ dákẹ́!" títí ohùn mi fi há kó tó di Ọjọ́rú. Ẹgba wà lórí tábìlì mi bó ṣe wà lórí tábìlì gbogbo wa. Lọ́jọ́ kejì, mo na ọwọ́ sókè láti nu pátákó, ọmọ tó jókòó níwájú pátápátá sì yára fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Àkísà tí mo fi ń nu pátákó ló wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tiẹ̀ rántí ẹgba rárá. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ọmọ tó bá ń ṣọ́ ọwọ́ mi ò ní ráyè wo ohun tí mo kọ sí pátákó.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ya wọlé, wọ́n á máa ti ara wọn, ìgbà tí mo bá wọlé tán ni gbogbo wọn á wá fa "Gúùdù mọ́níìn, Àńtí" gùn bí orin. Kíkí yẹn ò kan ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò sì kan èmi náà. Mo ra ìwé kékeré kan, mo kọ orúkọ wọn sí i, mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan fún oríkì. Orúkọ mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú rẹ́jísítà wa, ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń jí ọmọ fún ìrun àsùbáà, Àlàbí tàbí Àjíkẹ́ ni yóò pè é. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ gbọ́ lẹ́nu mi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kó oríkì náà jọ. Àwọn ọmọ mìíràn mọ tiwọn. Àwọn tí kò mọ̀, mo dúró de ìyá wọn lẹ́nu géètì nígbà tí a bá jáde. Ìyá kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àńtí, kí lẹ fẹ́ fi oríkì ṣe ní súkúù?" Mo ní mo fẹ́ máa fi kí i ni. Ó kọ́kọ́ wò mí, kó tó wá sọ pé Àjàní ni, ó sì jókòó ti mí láti sọ gbogbo ohun tó là kọjá kó tó bí i. Ọmọ yẹn ni mo ti ń pè ní alágídí láti ọjọ́ tí a wọlé. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é: mo ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Ọmọ á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á ní "Ẹ káàárọ̀, Àńtí." Èmi náà á ní, "Àyìnlá, ṣé dáadáa lo jí?" Á dá mi lóhùn, ọ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe agbo. Bó bá ti ń kọjá ni mo ń wo ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, ẹni tí wọ́n bá jà nílé. Lẹ́yìn náà, ó di ìdí bẹ́ǹṣì. Ìṣirò mẹ́ta ti wà lójú pátákó láti àná, ìṣirò tí wọ́n lè ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣe pàtàkì kó rọrùn. Nígbà tí mo fi èyí tó le síbẹ̀, gbogbo wọn dìde tọ̀ mí wá lẹ́nu ọ̀nà, ariwo sì padà.

Ọmọ Hausa kan wà láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ tó ń ta ata lọ́jà Ìpàta ní àwọn ò ní oríkì bíi tiwa. Mo bi í pé báwo lẹ ṣe ń kí i láàárọ̀, ó ní "Ina kwana" ni. Mo kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo àwọn tó bá a jókòó ló ti ń kí i bẹ́ẹ̀, tí òun náà ń dá wọn lóhùn pé "Lafiya lau." Ọmọbìnrin kan sì wà tí mo pè ní Àbẹ̀kẹ́, tó dojú bolẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀ títí di ìgbà eré. Ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà yẹn sì kú nígbà ọlidé. Mo bẹ̀ ẹ́. Orúkọ inú rẹ́jísítà ni mo fi ń kí i títí dòní.

Àwọn tó ń pẹ́ dé ńkọ́? Ìta ni wọ́n ń kúnlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń nawọ́ sókè. Ìgbà tí mo bi wọ́n léèrè ni mo mọ̀ pé omi ni púpọ̀ nínú wọn ń pọn kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹ̀bi ọmọ ọdún mẹ́jọ kọ́ ni kí omi má yọ nínú ẹ̀rọ. Báyìí, ẹni tó bá pẹ́ á rọra wọlé, á jókòó, á wo ìwé ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti mọ ibi tí a dé. Mo ń bi í léèrè nígbà eré, kì í ṣe lójú gbogbo ayé.

Bí a ṣe ń pa ariwo gba ìgbìyànjú méjì. "Ààlọ́ o!" ni mo kọ́kọ́ lò. Wọ́n dáhùn "Ààlọ̀!", gbogbo wọn sì dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ àlọ́ ni wọ́n ń retí. Ìgbà tí mo mú ìwé ìṣirò jáde, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Mo rí i pé irọ́ ni mo ń pa fún wọn. Mo wá pààrọ̀ rẹ̀ sí "Àgò o!", wọ́n á dáhùn "Àgò yà!" Ẹni tó ń wọ ilé onílé ló ń kágò, onílé ló sì ń yà á. Ohun tí mo ń sọ fún wọn gan-an nìyẹn: mo fẹ́ wọlé sínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ yà fún mi. Bí wọ́n bá ti dáhùn, bírò á sinmi, ojú á kọ sí mi. Mi ò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn tó dákẹ́ pátápátá. Bí mo bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ méjì ṣì ń sọ tiwọn, àgò yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Àfáà ilé kéú kan ládùúgbò ni mo ti kọ́ èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù. Mo lọ jókòó sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun alásárì. Ọmọ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, kálukú ń ka ti inú wàláà rẹ̀ sókè, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá ṣi harafi kan kà, Àfáà á gbọ́. Wọ́n jókòó síbi tí ojú wọn ti kárí. Àwọn ọmọ tó ti kà síwájú ló sì ń gbọ́ ti àwọn kékeré kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Àfáà. Mo padà wá, mo gbé tábìlì mi kúrò níwájú lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì kí n lè máa rìn. Mo sì yan àgbà kan fún bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò máa kó ìwé jọ, tí yóò tún gbọ́ ìkàwé àwọn yòókù. Gbogbo Mọ́ńdè ni a ń pààrọ̀ rẹ̀, kó má bàa di oyè ẹnì kan.

A fi ìwé kíkó jọ dánra wò bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ijó: láti inú bẹ́ǹṣì bọ́ sí etí, láti etí dé ọwọ́ àgbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó gbà wá ní ìṣẹ́jú 11. A tún un ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìṣẹ́jú méjì ni. Mi ò kọ́ wọn ní méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ìgbà tí ìwé kíkó jọ bá ti mọ́ wọn lára ni a tó bọ́ sórí bí a ṣe ń jáde lọ tọ̀. Igi pẹlẹbẹ méjì ló wà fún ìyẹn, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí igi bá wà níbẹ̀, mú un, máa lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, dúró. Kò sí "Àńtí, mo fẹ́ tọ̀" mọ́.

Fún omi mímu, mo ra àmù kan lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò àdúgbò Dàda, mo gbé e ka orí yanrìn tútù ní igun kíláàsì. Omi tó ń rọra sun jáde lára amọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ, ló ń mú kí inú rẹ̀ tutù. Kálukú ló ní ife tirẹ̀. Ọmọ tó mu omi tutù lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Ìlọrin á jókòó jẹ́ẹ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Mo tún kọ́ láti dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè. Ní àwọn ọdún 1970, Mary Budd Rowe, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju bíi ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíràn, àti pé bó bá lè dúró tó mẹ́ta, ọmọ púpọ̀ sí i á dáhùn, ìdáhùn wọn á sì gùn sí i. Mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú. Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn, tí mi ò gbóhùn wọn rí, ló bẹ̀rẹ̀ sí nawọ́.

Bàbá kan wá bá mi. "Àńtí, ẹ má bínú o. Gẹ̀ẹ́sì la fẹ́ kó gbọ́, ẹ sì ń ki í ní oríkì." Mo sọ fún wọn nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì rẹ̀yìn. Bàbá náà ní àwọn á máa wò ó. Mo fara mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn ìsinmi àárín táàmù, ó dà bí ẹni pé a ò kọ́ nǹkan kan rí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi tún un ṣe láti orí ẹnu ọ̀nà. Mo sì pariwo lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù yẹn. Ẹgba ti wà nílé láti ìgbà náà. Àwọn tó bá jà ń jókòó lọ́tọ̀ lẹ́bàá àmù títí ara wọn á fi rọlẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá sọ ọ́ nígbà eré.

Ọmọ tuntun mẹ́ta ni wọ́n tún mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àyè oríkì wọn ṣì ṣófo nínú ìwé mi. Mo ti rí ìyá ẹnì kan, Àdùkẹ́ ni. Lọ́la ni mo máa dúró de àwọn méjì yòókù lẹ́nu géètì.