Bí Mo Ṣe Wá Àwọn Tó Ni Ilé-Iṣẹ́ Kan Gan-an

Owó tó bọ́ lọ́wọ́ màmá kan tó ń ta aṣọ ní Balógun ló mú mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìtúpalẹ̀ wa ní ọ́fíìsì wa ní Màrínà pé kí àwọn oníbàárà ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní náírà 18, nítorí pé èrè rẹ̀ ń gòkè lọ́dọọdún. Oṣù mẹ́jọ kò tíì pé tí ìpín náà fi já wálẹ̀ sí náírà 7, lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé owó ńlá tí wọ́n yá ilé-iṣẹ́ kékeré kan kò ní padà wá mọ́. Màmá tẹ́ ìwé mi sórí tábìlì, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo kọ èyí?" Mo ní èmi ni, mà.

Mo ti kà á nílé-ìwé pé ní ọdún 2001, àwọn atúpalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣì ń ní kí ènìyàn ra ìpín Enron, ilé-iṣẹ́ agbára ńlá kan níbẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó wó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ará ibòmíràn ni.

Mo tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Ìròyìn ọdọọdún kò gbà mí lákòókò. Ìlànà ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2018 ní ìpín olùdarí olómìnira, ìyẹn olùdarí tí kò yẹ kó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ilé-iṣẹ́ náà, kò gbọdọ̀ ju 0.01 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tiwọn sì bá a mu lórí ìwé. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ tó yáwó náà wà nínú àwọn àlàyé tó wà lẹ́yìn ìṣirò, tí mo ti fò kọjá.

Ibi tí mo ti há ni ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 gbà kí onípìn-ín wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹlòmíràn sì san owó díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gba orí Third Mainland lọ sí ọ́fíìsì réjísírà, àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ náà, ní Yábà. Wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá. Mo mú un wá, wọ́n ní àfi èyí tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ wa lórí. Mo mú ìyẹn náà wá, wọ́n ní kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin tó wà ní káńtà tún ní, "Ẹ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà ná, mà." Kò sí ibi tí òfin ti sọ bẹ́ẹ̀! Mo tẹ ojú ìwé òfin ọdún 2020 náà jáde, mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀, mo gbé e síwájú ọ̀gá wọn, n kò sì dìde níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé ìwé náà wá.

Láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin ni mo fi rúlà tọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tó yáwó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìpín tó pọ̀, nígbà tí mo sì wá a nínú àkọsílẹ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ olùdarí tí wọ́n pè ní olómìnira ni mo bá níbẹ̀. Mo kọ ìwé ìtúpalẹ̀ tuntun, mo sì sọ nínú rẹ̀ pé èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kò tọ̀nà. Ó dùn mọ́ mi pé mo rí i. Ó sì dùn mí pé kò dá náírà kan padà fún Màmá.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó má dá lọ. Onípìn-ín ni Màmá. Ká ní mo ti mú un dání ni, n kò ní sanwó, bóyá n kò sì ní fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò. Nígbà tí mo fẹ́ yẹ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ní ìpín sí wò, àwa méjèèjì la jọ lọ. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú awò lójú, ó ń fi ìka tọ orúkọ, a sì ti parí kí wọ́n tó pe ìrun Àílà.