Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kì í Ṣe Oògùn Ibà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Agbègbè Abuja

Ikú òjijì tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa àgbẹ̀ Yorùbá ní ìhà Kuje lásìkò òjò ló bí ìwé yìí. Olóògbé ní káàdì ilé ìwòsàn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílé rẹ̀. Ó kàn pa á tì ni. Nítorí náà, a ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ yẹ ara wò. Ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí a ń rí ṣáá ni pé bí ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan, bá ti wálẹ̀, ẹ ó ju oògùn nù.

Oògùn ibà ni wọ́n ń lò tán. Oògùn ló ń tẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró, á tún gbéra. Ẹ yé sọ pé "ara mi le." Ọ̀pọ̀ ni kò mọ nǹkan kan lára títí rọpárọsẹ̀ fi dé.

Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 60 ní agbègbè olú-ìlú wa. Amlodipine 5 mílígíráàmù, hóró kan lójúmọ́, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìfúnpá kò bá wá sísàlẹ̀ 140/90 lórí ẹ̀rọ, wọ́n á fi losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kún un. Lọ́dún 2024, àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n fi àwọn 300 ṣe l'Abuja níbí jáde: hóró kan tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹni 82 nínú 100 tó lò ó ló wá sísàlẹ̀ 140/90; ti àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ jẹ́ 72. Ṣùgbọ́n oògùn tó wà nínú àpò ò lè wo ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ń lọ sùn lóko fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ka hóró 14 sínú ike, kẹ́ ẹ fi mẹ́ta kún un nítorí odò tó lè kún. Àwọn tó ń lọ sìnkú nílé, l'Ọ́fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń gbàgbé jù. Ṣé aṣọ ẹbí nìkan ló wọ inú báàgì?

Bí ẹ bá gbàgbé amlodipine, ẹ lò ó bí kò bá tíì ju wákàtí 12 lọ. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má lo méjì pọ̀. A ti rí ẹni tó gbé hóró mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ igi máńgòrò níwájú géètì ilé ìwòsàn, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá má bàa tú àṣírí rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Ta lẹ̀ ń tàn?

Kí wọ́n tó wọn ìfúnpá yín, ẹ má jẹ obì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tọ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ lójúmọ́ fún ẹnì kan, ti inú Maggi wà níbẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá wú nítorí amlodipine, ẹ padà sí ilé ìwòsàn kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gba ti aládùúgbò yín lò. Obìnrin tó bá lóyún, tàbí tó ń retí àtilóyún, kó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì: losartan kì í ṣe oògùn aboyún.