Àrùn Ọkàn Kì í Dúró Dìgbà Àgbà: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tó Ń Tọ́ Ọmọ

Kòkòrò tó ń jẹ ọkà nínú àká, oko ló ti sábà máa ń wọ inú ọkà náà. Bí a ṣe ń kó o bọ̀ wálé, ojú kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ẹbu bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ la tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti àrùn ọkàn. Bí ẹni àádọ́ta ọdún bá di àyà mú, tó ṣubú lulẹ̀, gbogbo wa a ní àìsàn òjijì ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé ni ọ̀rá ti ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìdùn ún, láìjẹ́ kó fura.

Báwo la ṣe mọ̀?

Ní ọdún 1953, àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé àbájáde àyẹ̀wò jáde lórí òkú 300 sójà tó kú lójú ogun Kòríà. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 22. Síbẹ̀, nínú mẹ́wàá wọn, ó lé ní méje tí àmì àrùn ti hàn nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn. Ọ̀dọ́ tí ara wọn le, tí wọ́n ń ru ìbọn, ni o.

Ní ọdún 1972, Dókítà Gerald Berenson bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Bogalusa, ìlú kékeré ní ìpínlẹ̀ Louisiana níbi tí wọ́n ti bí òun fúnra rẹ̀. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọdé ibẹ̀, dúdú àti funfun, wọ́n ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì ń tún un ṣe títí tí àwọn ọmọ náà fi di òbí. Ó bani nínú jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn kú ní kékeré, ìjàǹbá ló pa èyí tó pọ̀ jù. Ní ọdún 1998, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí nínú ara 204 irú àwọn bẹ́ẹ̀, láti ọmọ ọdún 2 títí dé ẹni ọdún 39. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ìgbà ayé 93 nínú wọn. Àwọn tí ìṣòro mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti pàdé lára wọn, bí ara sísan jù, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, èèpá líle tó wà nínú iṣan ọkàn wọn tó ìlọ́po 12 ti àwọn tí kò ní ìkankan. Ìṣòro kan ń fa èkejì mọ́ra ni.

Ní ọdún 2022 ni ìwádìí ńlá kan jáde, lórí èèyàn 38,589 ní Amẹ́ríkà, Finland àti Ọsirélíà. Wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò ní kékeré, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún nǹkan bí ọdún 35. Ohun márùn-ún ni wọ́n tọ́ka sí: ìsanra, ìfúnpá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítéróòlù, ọ̀rá kejì tí wọ́n ń pè ní triglycerides, àti sìgá mímu nígbà èwe. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó lára ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ṣe máa ń sún mọ́ ọn tó bó bá dàgbà.

Èyí tí mo fẹ́ kí òbí fi sọ́kàn jù lọ rèé. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé ọmọ tó sanra jù, àmọ́ tí ìsanra náà fi í sílẹ̀ kó tó dàgbà, ewu tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni tí kò sanra rí dọ́gba. Iná kò tíì jó dórí kókó.

Ohun tí ẹ máa ṣe nílé

Ẹ má ṣe dáná ọ̀tọ̀ fún ọmọ tó sanra. Ìkòkò kan náà ni kí gbogbo ilé ti jẹun: ẹ̀fọ́ àti èso púpọ̀, iyọ̀ díẹ̀, ọ̀rá díẹ̀. Iyọ̀ àgbàlagbà fún odindi ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, ti ọmọdé sì gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ohun mímu aládùn inú ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ yọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ kì í yó ọmọ, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ọlọ́ràá. Omi ni kó máa mu.

Ẹ má sì fi ìsanra ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì febi pa á. Ọmọ tó ṣì ń ga, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀, gíga rẹ̀ á lé e bá.

Ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ó kéré tán ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́ tí ara rẹ̀ fi ń mì dáadáa. Eré sísá wà nínú rẹ̀, ìrìn ilé ìwé wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ oko tí agbára rẹ̀ ká náà wà nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nínú ilé. Ní Finland, àwọn olùwádìí rí i pé èéfín sìgá òbí ń ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní jàǹbá tó ń bá a dàgbà, kódà bí ọmọ náà kò fi sìgá kan ẹnu rí.

Àyẹ̀wò

Láti ọdún 3 ló yẹ kí wọ́n ti máa yẹ ìfúnpá ọmọ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá gbọ́dọ̀ bá apá ọmọ mu. Èyí tó bá há jù á sọ pé ìfúnpá ga nígbà tí kò ga, èyí tó bá tóbi jù á sì bo èyí tó ga mọ́lẹ̀. Fún ẹni ọdún 13 sókè, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 120/80 dára. Bó bá ń dé 130/80 lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti sọ pé ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ti kọlẹ́sítéróòlù, ọdún 9 sí 11 ni, kí wọ́n sì tún un ṣe láàárín ọdún 17 sí 21. Àmọ́ ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe: bí àrùn ọkàn bá mú bàbá ọmọ kó tó pé ẹni ọdún 55, tàbí ìyá rẹ̀ kó tó pé 65, ẹ má dúró de ọdún 9. Irú kọlẹ́sítéróòlù gíga kan wà tí wọ́n ń jogún, nǹkan bí ẹnì kan nínú 250 ló ní in, bí òbí kan bá sì ní in, nínú ọmọ méjì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jogún rẹ̀. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ lè ní in. Ojú lásán kò lè rí i, ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Bí ọmọ bá dákú níbi tó ti ń sáré, tàbí tí àyà ń dùn ún bó bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ wá ra ìwé kékeré kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ àìsàn tó pa àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀, àti iye ọdún tí wọ́n jẹ́ nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ọdún, ẹ kọ ọjọ́, gíga, ìwọ̀n àti ìfúnpá rẹ̀. Bó bá ń kúrò nílé láti lọ gbé ayé tirẹ̀, ẹ fi ìwé náà lé e lọ́wọ́.