Bí ẹ ṣe máa ṣọ́ ọkàn yín lẹ́yìn ọ̀fìnkìn àti ibà

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ikọ́ àti ọ̀fìnkìn kì í jìnnà sílé. Ọ̀pọ̀ ló ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì influenza tàbí kòrónà lè mú kí iṣan ọkàn wú, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú òpó tó ń bọ́ ọkàn. Ìwádìí kan láti Kánádà lọ́dún 2018 fi hàn pé láàárín ọjọ́ 7 tí àyẹ̀wò bá ti rí influenza lára ènìyàn, ewu ìkọlù ọkàn máa ń tó ìlọ́po 6.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, ẹ ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín tẹ ọrùn ọwọ́, lápá ibi tí àtàǹpàkò wà. Ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, torí ìlù tirẹ̀ yóò da kíkà rú. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Ti àgbàlagbà tó sinmi máa ń wà láàárín 60 sí 100. Ibà fúnra rẹ̀ ń mú kó yára, ẹ má jáyà sí ìyẹn. Àmọ́ bí ibà bá ti lọ fún ọjọ́ 2 tó ṣì ń kọjá 100, tàbí tó ń lù ségesège, ẹ lọ ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn.

Ẹ tún tẹ ojúgun fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Bí ojú ibẹ̀ bá jin tí kò tètè kún, tàbí tí èémí ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè sùn láìgbé ìrọ̀rí sókè, ọkàn lè máa kọṣẹ́ nìyẹn.

Bí àyà bá ń fún bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé e, tí òógùn tútù bò yín tàbí tí ẹ dákú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn LAUTECH tàbí ti Bowen, kí ẹnì kan sì bá yín lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé ọ̀fìnkìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yín. Wọn kì í sábà béèrè.

Àwọn ọ̀dọ́ ló ń kù gìrì jù: ibà lọ lánàá, wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀lù tàbí ru àpò pákí l'Ọ́jà Jagun. Iṣan ọkàn tó wú tí a tún fi ṣiṣẹ́ agbára lè ṣìlù lójijì, kó sì pa ènìyàn. Bí dókítà bá ní iṣan ọkàn ti wú, oṣù 3 sí 6 ni ẹ ó fi yẹra fún iṣẹ́ agbára.

Fún ibà, parasítámọ́ọ̀lù 500 mg, hóró 2 fún àgbàlagbà ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má kọjá 8 lójúmọ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó má dáwọ́ oògùn rẹ̀ dúró, kó má sì ra ibuprofen tàbí oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine ní kẹ́míìsì, torí méjèèjì ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè.