Bí àlejò òkè òkun bá fẹ́ bá yín dá iṣẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú sílẹ̀

Ẹ má tíì bá a sọ̀rọ̀ owó. Ẹ mú un dé ìdí iṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa l'Ódògbolù, àlejò mi ará Jámánì ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀gẹ́ tó ti kan fún ọjọ́ mẹ́rin, ó gbé e símú, ó ní ṣé a ò lè ṣe é lọ́jọ́ kan. Mo ní rárá, kíkan yẹn gan-an lọjà wa.

Ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù rèé: kí owó àlejò náà gba báńkì wọlé, kí báńkì sì fún un ní CCI, ìwé-ẹ̀rí pé owó náà ti òkè òkun wọlé, láàárín wákàtí 24. Òun ni yóò fi ra dọ́là ní báńkì lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kó èrè lọ sílé. Alábàáṣe mi àkọ́kọ́ fi owó rán èèyàn ni. Nígbà tí èrè dé, kò rí ọ̀nà tó bófin mu gbé e lọ, ló bá bínú fi mí sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ilẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà jọ fọwọ́ sí i, kí awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gba ìfọwọ́sí gómìnà l'Abẹ́òkúta kí ẹ tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀.