Bí Fíríìjì Bá Ń Gbé Yín Nínú Ilé Àtijọ́

Nínú ilé ẹbí wa ní Ìsàlẹ̀ Afọ̀n, ní Ògbómọ̀ṣọ́, sílípáàsì kan kì í kúrò níwájú fíríìjì. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi tútù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ọmọdé bá gbàgbé, tó fẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ńtì, iná á ta á lọ́wọ́, àwọn àgbà á sì ní, "Ṣé a ò ti sọ fún ẹ pé kó o wọ bàtà ni?" Ọ̀pọ̀ ọdún la fi bá a gbé bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́ṣẹ́ iná ló tó yé mi bí ikú ṣe sún mọ́ wa tó.

Ohun tó ń fà á nìyí. Ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́, wáyà méjì péré ni wọ́n fà wọ inú wọn: pupa tó ń gbé iná bọ̀, àti dúdú tó ń dá a padà, tí à ń pè ní nútírà. Ẹ̀kẹta, èyí tó yẹ kó wọnú ilẹ̀ lọ, tí àwa oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì, kò sí níbẹ̀. Ẹ lè rí sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta lára ògiri, àmọ́ bí a bá tú u, ihò òkè ò ní wáyà kankan lẹ́yìn. Bí iná bá wá jò sára irin fíríìjì tó ti gbó, kò rọ́nà gbà dé ilẹ̀ àfi kó gba ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fíúùsì. Èyí tó wà nínú púlọ́ọ̀gì ńlá sábà máa ń jẹ́ 13 áńpù, ìyẹn ni pé kò ní já àfi bí iná tó ń gbà á kọjá bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, bí a bá pín 13 áńpù sí ọ̀nà 400, ìpín kan ṣoṣo níbẹ̀ ti tó láti da bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù rú. Wáyà ni fíúùsì ń ṣọ́, kì í ṣe èèyàn.

Àkọ́kọ́: ẹ pa ẹ̀rọ tó ń ta yín. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára ni. Bí ọwọ́ yín tàbí ilẹ̀ bá tutù, ẹ má fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà. Súwíìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà ni kí ẹ lọ pa. Àwọn kan máa ń yí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì sódìkejì, tí iná náà kò bá sì ta wọ́n mọ́, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tán. Ohun tó bàjẹ́ ṣì wà nínú fíríìjì níbẹ̀.

Ẹ wádìí bóyá ẹ̀rọ ni tàbí ilé. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára iná, kí ẹni tó mọ tẹ́sítà lò wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa fi kan irin ara wọn. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá mú un tàn, ẹ gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹ má sì lò ó títí yóò fi padà dé. Ẹ wo okùn rẹ̀ pẹ̀lú: okùn áyọ̀ọ̀nù sábà máa ń là níbi tó ti wọnú áyọ̀ọ̀nù gan-an. Téèpù kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ ra okùn tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi bírò ti inú ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé.

Bí gbogbo wọn bá ń mú tẹ́sítà tàn, tàbí tí ògiri tutù pàápàá ń ta yín, wáyà ilé ni kí ẹ yẹ̀ wò. Níbi tí wáyà ti ń bọ̀ láti orí òpó, abẹ́ páànù ló ń gbà wọlé, etí páànù á sì máa gé rọ́bà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eku náà ń jẹ ẹ́ lókè àjà. Tí iná bá dé ara páànù, irin tí wọ́n so mọ́ ọn fún aṣọ sísá ti di apànìyàn nìyẹn, pàápàá pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, okùn ọ̀rá ni kí ẹ máa sá aṣọ sí. Kí oníṣẹ́ iná sì ki wáyà náà bọ inú páìpù rọ́bà níbi tó ti kan páànù.

Ẹ ṣe áàtì. Ibí lowó yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ mìíràn. Oníṣẹ́ iná á ri ọ̀pá bàbà, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 4, mọ́lẹ̀ níbi tí ilẹ̀ kì í tètè gbẹ, á da èédú àti iyọ̀ sí i, á wá fa wáyà aláwọ̀ ewé láti ibẹ̀ dé ihò òkè gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ dúró tì í. Àwọn kan máa ń fi wáyà kékeré so nútírà pọ̀ mọ́ ihò òkè nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní áàtì ti wà. Ẹ má gbà. Lọ́jọ́ tí nútírà bá já lórí òpó, ara irin gbogbo ẹ̀rọ yín lè di 230 fólítì. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ wa bá gbẹ táútáú, ẹ máa bu omi sídìí ọ̀pá náà.

Ẹ ní kó fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní RCD, ti 30 mílíáńpù, sí i. Bí iná bá ń gba ara èèyàn lọ sílẹ̀, òun ló ń já a kíákíá. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ fún ìdánwò; ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, tí kò bá já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n, kẹ́tùrù 2000 wáátì ń fa nǹkan bí áńpù 9. Ẹ má fi sítóòfù oníná kún un lórí ọ̀kan náà.

Bí iná bá gbé ẹnìkan mú, ẹ má dì í mú. Ẹ sáré gé iná; tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí nǹkan gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Ẹ pe 112. Bí kò bá mí, ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ó kéré tán ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bó bá sì dìde fúnra rẹ̀, tó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, ẹ ṣì gbé e lọ sí ọsíbítù lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò.