Ẹ má tíì gbé sáńpépà: àwọn àṣìṣe tó ń pa tábìlì àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe

Tábìlì onípákó nínípọn tó ti gbó, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń mì, tójú ẹ̀ ti là, tómi ti sọ apá kan di dúdú, tí kòkòrò sì ti lu apá kejì, ó ṣì lè padà bọ̀ sípò o, kó tún lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ irú tábìlì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ogbó kọ́ ló pa á, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ tó fẹ́ tún un ṣe ló kánjú pa á. Ojú tábìlì ni wọ́n ń bá jà, wọn ò tíì mọ ohun tó ń ṣe igi fúnra ẹ̀, wọ́n sì ń yọ ohun tẹ́nikẹ́ni ò ní lè dá padà.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn gbé tábìlì náà délé kó sì ti máa fi sáńpépà họ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí, ọ̀rá àti ìda tó ti jókòó sójú igi látọjọ́ pípẹ́, ńṣe ni sáńpépà máa tì í wọnú, sáńpépà náà á sì dí kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ gbá eruku ẹ̀, ẹ ki aṣọ bọ omi ọṣẹ, ẹ fún un títí tí ò fi ní kán mọ́, ẹ nù ún, kí aṣọ gbígbẹ sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibi tí ìda bá pọ̀ sí, aṣọ tẹ́ ẹ ta tọ́pẹ́ńtáìnì díẹ̀ sí ló máa ká a. Àwọn kan á ní àwọn kúkú fẹ́ da omi lé e lórí, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́. Àgbákò nìyẹn. Igi á mu omi, á wú, ojú ẹ̀ á rí págunpàgun, gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè á sì rọ̀, torí omi àti ooru gan-an ló ń tú u. Tí wọ́n bá tún wá gbé e sí oòrùn kó lè tètè gbẹ, òkè á gbẹ, abẹ́ á ṣì tutù, pákó á ká bí abọ́.

Tí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára ẹ̀, ẹ dúró ná. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́, ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé àti ti àga òun tábìlì, èèyàn ò sì lè fojú lásán mọ èyí tó ní in. Eruku ẹ̀ ló léwu jù, ẹ̀yin á fà á símú, èyí tó bọ́ sílẹ̀, ọmọdé á fọwọ́ kàn án, á fọwọ́ sẹ́nu, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bà jẹ́. Ẹ ra nǹkan tí wọ́n fi ń yẹ òjé wò lára ọ̀dà, tó bá wà níbẹ̀, ẹ má fi sáńpépà kàn án ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná jó o. Oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà náà tún wà o, èyí tí methylene chloride bá wà nínú ẹ̀ ti pa àwọn tó lò ó nínú yàrá tí ò gba atẹ́gùn, ẹ má gbé e wọlé rárá.

Ihò wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ rí lára igi, ibi tí kòkòrò gbà jáde ni, ó lè ti lọ tipẹ́. Ẹ gbá inú ihò yẹn mọ́, ẹ tẹ́ pépà dúdú sábẹ́ tábìlì, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí ìyẹ̀fun tuntun bá dà sórí pépà, wọ́n ṣì wà ńbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun. Ká kàn fi pútì dí ihò ká fi fáníṣì bò ó, a ò ṣe nǹkan kan, torí ìdin tó wà nínú á jẹ igi lọ, á sì lu ihò tuntun jáde fúnra ẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi bórọ́ọ̀nù ṣe dára, àmọ́ igi tí nǹkan kan ò bò nìkan ló ń wọ̀, tẹ́ ẹ bá kùn ún sórí fáníṣì, ẹ fi ṣòfò. Ibi tó bá sì ti jẹrà, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ẹ fi ẹnu síkúrúdíráfà gún un wò. Tó bá wọlé láìsí wàhálà, pútì ò ní rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Ẹ họ ọ́ débi tó le, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi epoxy tó ṣàn, ìyẹn gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n máa ń po nǹkan méjì pọ̀ ṣe, mú un le kẹ́ ẹ tó dí i, tàbí kẹ́ ẹ gé e kúrò kẹ́ ẹ sì lẹ igi míì mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń mì yìí ló ká mi lára jù. Ìṣó ni wọ́n máa ń sáré mú! Ìṣó á la orí igi tó wọnú ihò, ẹsẹ̀ ò sì ní yé mì, á kàn máa mì yí ìṣó ká ni, ihò á máa fẹ̀ sí i, ẹni tó bá sì fẹ́ tún un ṣe bó ṣe yẹ lọ́jọ́ iwájú ò ní rí i tú mọ́. Lára igi bíi oak, irin ìṣó pẹ̀lú ọ̀rinrin tún máa fa àbàwọ́n dúdú. Àwọn míì ò kan ìṣó, àmọ́ wọ́n á da gọ́ọ̀mù funfun sẹ́nu jọ́ìntì láti ìta, wọn ò mọ̀ pé gọ́ọ̀mù yẹn kì í mú orí gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ, igi gangan ló fẹ́ mú. Kò sọ́nà àbùjá, àfi kẹ́ ẹ tú u. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kan èèkàn igi gba inú ẹ̀ kọjá, ìyẹn ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ihò ẹ̀, torí tó bá jẹ́ ọwọ́ ni káfíńtà fi gbẹ́ wọn, ẹsẹ̀ kan lè má wọ ihò èkejì. Ẹ wé aṣọ tẹ́ ẹ rì bọ omi gbígbóná mọ́ jọ́ìntì náà, ẹ ní sùúrù, ẹ fi òòlù rọ́bà gbá a jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kí igi gbẹ, ẹ họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò láìgé igi mọ́ ọn, ẹ fi tuntun sí i, kí kíláàmpù sì dì í mú, àmọ́ kó má fún un jù, tó bá fún un jù gbogbo gọ́ọ̀mù ló máa tú jáde. Kó tó gbẹ ni kẹ́ ẹ ti wò ó bóyá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kanlẹ̀.

Ti ojú tó là náà nìyí. Igi kì í dúró sójú kan, tí atẹ́gùn bá ní ọ̀rinrin á fẹ̀, tó bá gbẹ á sún kì, síbùú ló sì ń ṣe gbogbo ẹ̀, gígùn ẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ojú tábìlì tó fẹ̀ tó mítà kan lè fi mìlímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ láàárín ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Torí ẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ má lẹ igi kan gbọnin-gbọnin síbùú abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti síkúrù, ẹ̀ ń wá ẹ̀là tuntun ni. Ihò síkúrù abẹ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀ kí pákó lè ráyè rìn. Ẹ má sì ki pútì líle sínú ẹ̀là gígùn nígbà tí igi gbẹ jù, tó bá wú ibòmíì ló máa là. Èmi ò rí aburú nínú ẹ̀là tí ò fẹ̀ sí i mọ́, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá ṣì ń fẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ igi kékeré tí àárín ẹ̀ tín-ín-rín tí orí ẹ̀ méjèèjì fẹ̀, kí wọ́n rì í dábùú ẹ̀là kó dì í mú.

Ìgbà yìí ni sáńpépà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ tẹ̀ lé ìlà igi, ẹ má dábùú ẹ̀, torí ìlà tí sáńpépà bá fà dábùú igi, ìgbà tí àwọ̀ bá kàn án ló máa hàn gbangba. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn sáńpépà ló ń sọ bó ṣe rí, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe máa họ tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80 tàbí 120, kẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí 180, ẹ má fò. Àti pé ẹ dákun, ẹ má họ ọ́ títí tá á fi dà bíi pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Àpá ayùn ọwọ́, etí tó ti dán torí ọwọ́ tó ti ń kàn án, àwọ̀ tó jinlẹ̀ tó jẹ́ pé ọdún ló mú un wá, gbogbo ìyẹn ni tábìlì náà ní, milimítà kan péré sì ti tó láti kó o lọ.

Àbàwọ́n dúdú, bílíìsì ìfọṣọ ò lè mú un. Irin àti omi ló sábà fà á, oxalic acid, kẹ́míkà kan tó ń yọ irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀, ló máa ń ká a. Májèlé ni o, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi nù ún kúrò dáadáa, ẹ má jẹ́ kí eruku ẹ̀ wọ imú yín.

Tó bá kan kíkùn, ẹ dán an wò lábẹ́ tábìlì ná. Òróró ìdáná kì í gbẹ, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́wọ́ lójú igi, á sì máa rùn, ẹ má fi pa á. Ipele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sàn ju ọ̀kan tó nípọn lọ, kẹ́ ẹ sì kun abẹ́ náà. Aṣọ tẹ́ ẹ fi kun òróró linseed, ìyẹn òróró kan tí wọ́n ń fi pa igi tó sì máa ń gbẹ, ẹ má ká a jọ sínú ìdọ̀tí, ó lè gbóná fúnra ẹ̀ títí tá á fi gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí á fi gbẹ gan, tàbí kẹ́ ẹ rì í bọ omi nínú agolo tó ní ìdérí.

Fáníṣì tí ò lẹ̀ mọ́wọ́ mọ́ lè má tíì gbẹ dénú. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ níbi kọ́lọ́fín kan lábẹ́, tó bá ṣì gba àpá, ẹ má tíì gbé nǹkan gbígbóná lé e.